Ẹ ya òdòdó ní Agodi, àmọ́ ẹ lọ béèrè orúkọ rẹ̀ l'Ọ́jà'ba

Bí èèyàn bá tẹ "Ìbàdàn" sínú Google, tó ní kó gbé àwòrán jáde, òrùlé páànù tó ti dípàtà ló máa kọ́kọ́ rí. Orí òkè Màpó ni wọ́n ti ya ọ̀pọ̀ nínú wọn: Ọjà'ba nísàlẹ̀, Bẹẹrẹ lápá kan, Bẹyẹrúnkà lápá kejì, agboolé fara kan agboolé títí ojú ò fi tó o mọ́. Àwòrán tó dáa ni. Àmọ́ ẹ lọ sójú ìwé Instagram àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí kan náà lọ́jọ́ Àìkú tàbí lọ́jọ́ ọdún, ẹ máa bá Ìbàdàn mìíràn níbẹ̀. Ọmọge dúró níwájú òdòdó pupa, ọ̀dọ́kùnrin jókòó sábẹ́ igi ńlá, àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó lóṣù tó ń bọ̀ dira wọn lọ́wọ́ mú láàárín ewéko. Agodi Gardens ni, tàbí ọgbà ewéko Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí igbó IITA.

Kò sí èyí tó burú níbẹ̀. Nílùú tí jẹnẹrétọ̀ ti ń pariwo láti òwúrọ̀ dalẹ́, ẹni tó bá ríbi tútù sá sí, kó yáa sá lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní: kí lorúkọ igi tí ẹ fara tì yẹn?

Ẹ má wo ojú mi. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ya fọ́tò náà, lọ́wọ́ ẹni tó wà nínú rẹ̀, lọ́wọ́ igba èèyàn tó tẹ ọkàn pupa sí i lábẹ́. "Fùláwà ni jàre." Ọ̀rọ̀ kan yẹn, fùláwà, ti gbé gbogbo ohun tó ń hù mì. Igi tó wá láti Madagásíkà, fùláwà ni. Èyí tó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà, fùláwà ni. Èyí tí bàbá ńlá yín fi wo ibà, fùláwà náà ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò le. Ẹni tó ya àwòrán ewéko láìkọ orúkọ tí à ń pè é ní Yorùbá, ibi tó ti yà á àti ọjọ́ tó yà á, ìlàjì iṣẹ́ ló ṣe. Ìlàjì tó kù wà lẹ́nu àwọn ìyá tó ń ta ewé l'Ọ́jà'ba, àwọn ìyá wọ̀nyẹn kò sì ní jókòó síbẹ̀ títí ayé.

Ìlú tó ń jẹ́ orúkọ igi

Ìbàdàn fúnra rẹ̀, Ẹ̀bá Ọ̀dàn ni: ibi tí igbó ti parí tí pápá koríko bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọ máíkírà l'Ọ́jà'ba, kò ní pẹ́ tí ẹ fi máa gbọ́ "Ìdí-Arère wà o?" Igi arère ló ni orúkọ yẹn. Ẹ lọ sápá Jẹ́ríkò, ẹ máa bá Ìdí-Ìṣin. Ẹ gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ níbi tí IITA wà, Ìdí-Oṣè nìyẹn. Bẹẹrẹ tí gbogbo wa ń gbà kọjá, orúkọ kan náà ló ń jẹ́ pẹ̀lú koríko tí wọ́n fi ń bo òrùlé ààfin láyé àtijọ́, tí wọ́n ń torí rẹ̀ ṣe ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́.

Ẹ wá mú ọ̀dọ́ mẹ́wàá tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní Ìdí-Arère lójoojúmọ́, kí ẹ ní kí wọ́n fi igi arère hàn yín. Mélòó ló máa mọ̀ ọ́n? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, arère yìí làwọn oníṣòwò pákó káàkiri àgbáyé ń pè ní obeche. Ìrókò wa, "iroko" náà ni wọ́n ń pè é ní èbúté òkèèrè. Àwọn tó ra pákó lọ́wọ́ wa mú orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lọ. Àwa tó ni igi la gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká tún wo oríkì wa. Bí wọ́n bá ń ki Ìbàdàn, àyà wa á máa gbá, a ó máa yọ̀. Oríkì náà ń sọ nípa òro àti ìgbín. Ìtàn ìlú sọ pé nígbà tí ogun tú ìlú Lágelú ká, orí òkè ni òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ sá lọ, èso òro àti ìgbín ni wọ́n sì fi gbé ẹ̀mí ró, tí wọ́n tún ń fi ìkarahun mu ẹ̀kọ. Igi òro yìí ló so èso tí a fọ́ kóró rẹ̀ tí a rí àpọ̀n. A mọ àpọ̀n nínú ìkòkò, a mọ bó ṣe ń yọ̀ lórí ẹ̀bà. Bí igi òro bá dúró síwájú wa, a ó kọjá lára rẹ̀ láìkí i.

Ọ̀rọ̀ ohùn tún wà níbẹ̀. Òro la jẹ yó. Oró la fi ń pa ọ̀tá. Orò ni wọ́n ń ṣe lóru. Ẹni tó bá kọ "oro" lásán sábẹ́ fọ́tò, èwo nínú mẹ́ta yìí ló ní ká mú? Bí ọmọ yín tó wà ní London tàbí Houston bá rí i, kò ní mọ̀ bóyá kó jẹ ẹ́ tàbí kó sá fún un.

Látìbẹ̀rẹ̀ ni fọ́tò ewéko ti ń gbé orúkọ

Àwọn kan máa ní ọ̀rọ̀ orúkọ yìí ti pọ̀ jù, pé ẹwà nìkan làwọn ń wá. Mo gbọ́. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1843, obìnrin ará England kan, Anna Atkins, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwé kan nípa ewéko inú omi òkun. Kò ní kámẹ́rà bí irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Ó fi kẹ́míkà pa bébà, ó tẹ́ ewéko lé e, ó gbé e sínú oòrùn, àwọ̀ rẹ̀ sì di búlúù níbi tí ewéko kò bò. Ìwé yẹn ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ó jẹ́ ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n fi fọ́tò ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Orúkọ ewéko wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Fún obìnrin yẹn, àwòrán àti orúkọ kò ṣeé yà nípá.

Ẹ má sì rò pé òyìnbó ìlú òkèèrè nìkan ló ń ṣe é. Nínú Ìbàdàn níbí, ní Jẹ́ríkò, ilé-iṣẹ́ ìwádìí igbó tí à ń pè ní FRIN ní yàrá kan tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ pamọ́ sí. Gbogbo onímọ̀ ewéko lágbàáyé ló mọ̀ ọ́n sí FHI. Ewéko tó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Ewé tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bébà ni, ó sì ní lébẹ́ẹ̀lì lábẹ́: ibi tí wọ́n ti já a, ọjọ́ tí wọ́n já a, ẹni tó já a. Ẹ yọ lébẹ́ẹ̀lì yẹn kúrò, kí ló kù? Ewé gbígbẹ tí èèyàn lè fi dáná. Fọ́tò orí fóònù yín náà rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún wo Pierre Verger, ọmọ Faransé tí wọ́n bí ní 1902. Ayàwòrán ni iṣẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà ló gbé dé ilẹ̀ wa, kó tó di pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá ní Benin tó fi di Fátúmbí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó ti àwọn babaláwo, ó ń kọ orúkọ ewé sílẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún ayé pé orúkọ ewé àti ọfọ̀ tí wọ́n ń pè sí i máa ń so kọ́ra: ọ̀rọ̀ tó wà nínú orúkọ ni babaláwo fi ń jí agbára ewé náà. Ọ̀dọ̀ tiwa, orúkọ ewé ń ṣiṣẹ́. Ní 1995, ọdún kan ṣáájú ikú rẹ̀, ìwé rẹ̀ tó ń jẹ́ Ewé jáde. Níbo? Ní Brazil. Ọmọ Bẹyẹrúnkà tó bá fẹ́ kà nípa ewé tí ìyá ìyá rẹ̀ ń tà, ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní São Paulo ló máa wá kiri.

Akòko lójú gbogbo ayé

Ní 26 Oṣù Kẹsàn-án, 2025, nígbà tí Ọba Rashidi Ládọjà gorí oyè Olúbàdàn, Màpó Hall ni gbogbo ayé péjọ sí. Fóònù ń tàn wìrìwìrì. Bí wọ́n bá sì ti ń sọ̀rọ̀ oyè jíjẹ nílẹ̀ Yorùbá, ewé akòko ò lè gbẹ́yìn. Ewé náà, kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀.

Òdòdó rẹ̀ ńkọ́? Akòko máa ń yọ òdòdó ńlá, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bíi ti fèrè, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín píńkì àti àlùkò. Bí ó bá tanná, ó lẹ́wà ju ìdajì àwọn fùláwà tí a ń náwó gbìn sẹ́nu géètì lọ. Mo ti rí fọ́tò rẹ̀ lórí ayélujára tí ọmọ Yorùbá kan kọ "wild flower" sí lábẹ́. Ewé tí a fi ń jọba nìyẹn o.

Èmi ò bá àwọn òdòdó àjèjì jà. Igi tí òdòdó rẹ̀ máa ń pupa bí iná lẹ́bàá títì, láti Madagásíkà ló ti wá. Òdòdó kékeré píńkì kan náà wà tí a máa ń rí lẹ́yìnkùlé, periwinkle lòyìnbó ń pè é, Madagásíkà lòun náà ti wá. Àwọn èèyàn ní ilẹ̀ púpọ̀ ti ń fi ṣe àgbo fún àtọ̀gbẹ kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ohun tí wọ́n ń wá kọ́ ni wọ́n rí: oògùn vincristine, tí wọ́n fi ń wo àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé títí dòní, ara rẹ̀ ni wọ́n ti rí i. Ohun tí àwọn ará ilé ń sọ nípa òdòdó yẹn ló jẹ́ kí ẹnì kan tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ta ló ní ká má yà á?

Ẹ jẹ́ ká dé ẹnu géètì. Ní ọgbà kan tí n kò ní dárúkọ, ẹ̀ṣọ́ wo kámẹ́rà ọrùn mi, ó ní owó ìyẹn yàtọ̀. Fóònù àpò mi tó ń ya fọ́tò tó dán ju kámẹ́rà náà lọ, kò bi í. Mo ní kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn mí. Ó ní ọ̀gá ló sọ bẹ́ẹ̀. Irú nǹkan báyìí ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n lo òfin tí mo kọ́.

Kò sí òfin gbogbogbòò ní Nàìjíríà tó ní kí aráàlú má ya òdòdó. Abala 39 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fún wa lómìnira láti gba ìmọ̀ àti láti tan ìmọ̀ kálẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ lè là á sílẹ̀ pé báyìí ni kí ẹ ṣe wọlé, ó sì lè gba owó. Ohun tó yẹ ni pé kó sọ ọ́ kí ẹ tó sanwó, kó má jẹ́ pé ẹ ti wọlé tán kó tó mú òmíràn jáde lábẹ́ agbádá. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ní kí ẹ jáde, ẹ jáde, ẹ má bá a jà. Àmọ́ kò láṣẹ láti fipá gba fóònù yín. Abala 44 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fipá gba ohun ìní ẹlòmíràn àyàfi lọ́nà tí òfin là sílẹ̀, "ọ̀gá ló sọ bẹ́ẹ̀" kì í sì í ṣe òfin.

Àwa náà ní ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe. Abala 37 dáàbò bo àṣírí ọmọnìyàn: ìdílé tó tẹ́ ẹní jókòó sábẹ́ igi kò ní kí ẹ fi àwọn ọmọ àwọn ṣe ọ̀ṣọ́ fún fọ́tò yín. Òfin àṣírí ìjọba sì wà tó ka yíya àwòrán bárékè àtàwọn ibi bẹ́ẹ̀ léèwọ̀. Ọgbà méjì ló gbajúmọ̀ ní Agodi, ọ̀kan ti òdòdó, èkejì ti ẹlẹ́wọ̀n. Ẹ mọ èyí tí ẹ ń kọ kámẹ́rà sí.

Mo gbà pé àwọn alábòójútó ọgbà náà ní ẹjọ́ tiwọn. Àwọn tó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó máa ń kó iná ńlá wá, wọ́n á tẹ ebè òdòdó mọ́lẹ̀, wọ́n á dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó sanwó wọlé. Iṣẹ́ owó ni wọ́n ń ṣe, kí wọ́n sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ iléèwé tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ya ewé rinrin, kí ló bà jẹ́? Kí wọ́n kọ iye owó sára pátákó lẹ́nu géètì, kí wọ́n ya oníṣòwò sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó wá kọ́ ẹ̀kọ́.

Agodi yìí gan-an kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ kan. Ní 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọgbà ẹranko àti ewéko. Nígbà tó yá, omíyalé wọ inú ọgbà náà, ó gbá ẹranko lọ, ó ba ibẹ̀ jẹ́. Ọdún 2014 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ohun tó wà lórí ilẹ̀ lè lọ láàárín òru kan. Bí ẹnì kan bá ti ya igi kọ̀ọ̀kan tó wà níbẹ̀ kí omi tó dé, tó sì kọ orúkọ rẹ̀, a ó mọ ohun tí a pàdánù.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é

Fóònù yín tó. Ẹ lọ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, torí oòrùn ọ̀sán máa ń pa àwọ̀ òdòdó. Ẹ ya igi náà lódindi, ẹ ya èèpo rẹ̀, ẹ ya ojú ewé àti ẹ̀yìn ewé, ẹ ya òdòdó àti èso bí ó bá ní. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tàbí bíírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ká lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ má já a. Ọgbà tí gbogbo àlejò bá já ewé kọ̀ọ̀kan, kò ní pẹ́ di pápá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọ máíkírà, ẹ gba Ọ̀jẹ́ àti Bẹẹrẹ padà sọ́jà. Ẹ lọ bá àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ l'Ọ́jà'ba. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ajé wọlé fún wọn, kí ẹ ra nǹkan kí ẹ tó béèrè, torí ọjà ni wọ́n wá tà. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ewé yìí." Ẹni tó ti ń di òrúwọ, ejìnrìn àti ewé ìyeyè fún oníbàárà láti ogójì ọdún, kò nílò kó fọwọ́ kàn án kó tó mọ̀ ọ́n. Bó bá sọ orúkọ, ẹ tọrọ àyè kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù, torí àmì ohùn ni Yorùbá, ẹnu àgbà ló sì mọ ọ́n jù. Ẹ kọ àdúgbò tí ẹ ti gbọ́ ọ sí i: ohun tí Ìbàdàn ń pe ewé kan lè yàtọ̀ sí ti Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì.

Bí ìyá bá ní ohun kan kò ṣeé sọ, ẹ fi sílẹ̀. Orúkọ la wá, a ò wá àṣírí ìdílé. Àgbo tó jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ ẹnì kan, ẹ má gbé e sórí TikTok kí ẹ lè rí ọ̀pọ̀ èèyàn tẹ̀lé yín. Ẹ sì má fi ẹ̀mí yín tẹ́ áàpù. Google Lens àti Pl@ntNet ń ṣe dáadáa, àmọ́ wọ́n máa ń ṣì í, wọn kì í sì í sọ orúkọ Yorùbá fún yín. Ewé tí fóònù ní ó ṣeé jẹ, ẹ má tìtorí fóònù jẹ ẹ́.

Fún ìjọba Ọ̀yọ́ àtàwọn tó ń bójú tó ọgbà wa, ohun tí mo ń béèrè kò ju mẹ́ta lọ. Kí igi kọ̀ọ̀kan ní pátákó, kí orúkọ Yorùbá tó ní àmì ohùn wà lókè, kí Látìn àti Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀lé e. Kí owó kámẹ́rà wà ní kíkọ, kó má sì kan akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n máa pe ìyá ẹlẹ́wé ọmọ méjì tàbí mẹ́ta wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù láti mú àwọn ọmọ iléèwé rìn yí ọgbà ká, kí wọ́n sì sanwó fún wọn bí wọ́n ṣe ń sanwó fún olùkọ́. Owó tí wọ́n ń ná lórí iná aláràbarà tó.

Tiyín kò tiẹ̀ gba owó. Bí ẹ bá ń gba Ìdí-Arère kọjá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi àgbàlagbà kan níbẹ̀ pé ibo ni igi náà dúró sí. Bí arère kan bá ṣì wà níbikíbi n'Ìbàdàn tí ẹ lè dé, ẹ lọ yà á láti ìdí dókè. Ẹ kọ "arère" sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ kọ ibi tó wà àti ọjọ́, kí ẹ tó kọ ohunkóhun mìíràn.